Ìlà Ara Ìgò

Bàbá Ìwọ̀n já tépù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ojú omi inú ìgò dọ́gba, ó sì lẹ tépù náà mọ́ ara ìgò ní ibi tí omi dé gẹ́lẹ́. Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó. Ó yọ ọ́, ó tún un lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó sórí àga gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ́rìn-ín músẹ́, torí láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò tíì rí i kí bàbá òun lẹ tépù lẹ́ẹ̀kan kó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́rú ni. Ọ̀la ni ìdánwò àfọwọ́ṣe kẹ́mísírì fún àwọn ọmọ ìwé tó ń jáde lọ́dún náà. Omi aláìláwọ̀ tó wà nínú ìgò onílítà márùn-ún yìí ni gbogbo wọn máa lò, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni Bàbá Ìwọ̀n wọn iyọ̀ kẹ́míkà náà kó tó dà á sómi, torí awò ojú rẹ̀ ti gbó, ó sì ní láti sún mọ́ òṣùwọ̀n débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti lò nídìí iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe olùkọ́. Òun ló ń fọ ìgò, òun ló ń wọn kẹ́míkà, òun ló ń pò ó, òun ló sì ń ti ilẹ̀kùn láàbù bí ilé ìwé bá parí. Àwọn ọmọ ìwé ló sọ ọ́ ní Bàbá Ìwọ̀n. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé òun fúnra rẹ̀ ń fi dáhùn fóònù.

Tépù yẹn, ọgbọ́n tirẹ̀ ni. Kò sí ìgò tó pò tí kì í fi tépù sàmì sí, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn òun. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀ kúrò lójú ìlà, ì báà ṣe díẹ̀, á da gbogbo rẹ̀ nù, á sì pò òmíràn.

"Ó yá, Akọ̀wé, jẹ́ ká máa lọ," ló wí. "Òfin ìdánwò ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dán an wò títí di ọ̀la. Èmi pàápàá kò gbọdọ̀ dán an wò."

Akọ̀wé ló ń pè é láti kékeré. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bí ilé ìwé bá gba ìsinmi, orí àga gíga yìí náà ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé, bàbá rẹ̀ á máa ka nọ́ńbà tó bá rí lójú òṣùwọ̀n, òun á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kọ́ ọ nígbà náà: "Ohun tí o bá rí ni kí o kọ. Má kọ ohun tí ò ń fẹ́ rí."

Ká sọ tòótọ́, ìdánwò náà ń ba Akọ̀wé lẹ́rù ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ náà kò yé e. Olùkọ́ kẹ́mísírì ti ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé ògiri. Ó ní kí wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé lásìkò ìsinmi: bí èrò bá kún ibẹ̀, kò sí bí wọn kò ṣe ní máa kọlu ara wọn, ṣùgbọ́n bí èrò bá dín, èèyàn lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì fara kan ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́míkà náà rí. Bó bá ki, iṣẹ́ á yá. Bí a bá bu omi là á, iṣẹ́ á falẹ̀. Wọn á ya àmì àgbélébùú sórí bébà, wọn á gbé ife gíláàsì lé e, wọn á da omi ìgò náà sí i, wọn á wá ta ásíìdì lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni omi náà á máa ṣú bíi wàrà, títí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò fi ní hàn mọ́. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà ni wọn á kọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọn á ṣe é, wọn á sì máa bu omi là á sí i lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ni kì í gbọ́ràn. Nígbà tí wọ́n ṣe ti ìgbáradì ní oṣù méjì sẹ́yìn, aago bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó da ásíìdì sórí tábìlì, gbogbo kíláàsì sì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan sọ ọ́ sókè pé ọmọ afọgò kò lè di ìgò mú. Akọ̀wé bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó wá délé, ó fi ìrọ̀rí bo ojú, ó sunkún títí orí fi ń fọ́ ọ.

Nítorí náà, nígbà tí Gbajúmọ̀ sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lásìkò ìsinmi ọjọ́rú náà, tó sì fọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀ pé kó wá jókòó, ṣe ni Akọ̀wé kọ́kọ́ wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Gbajúmọ̀ ni ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan pani lẹ́rìn-ín. Ọmọ aránṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, na bisikíìtì sí Akọ̀wé. Ọdún márùn-ún gbáko, kò sẹ́ni tó pè é sí bẹ́ǹṣì yẹn rí. Wọ́n sọ̀rọ̀ irun, wọ́n sọ̀rọ̀ bàtà, kí Gbajúmọ̀ tó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá ẹ ti pò ó, àbí?"

"Ó ti pò ó."

"A ò ní jí i o. A kàn fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, ká mọ iye tó ń gbà. Tó bá dọ̀la, kí ọwọ́ ẹ máa gbọ̀n bó ṣe wù ú, o ti mọ nọ́ńbà tí wàá kọ."

Ì bá wù mí kí n sọ fún yín pé Akọ̀wé kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Kò kọ̀ rárá. Ó jẹ bisikíìtì náà tán, ó gbọn ẹ̀rún rẹ̀ kúrò lára aṣọ, ó sì sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Ìwọ̀n gba àyè lọ sí ilé ìwòsàn ojú, níbi tó ti fẹ́ gba awò tuntun. Ó yà sílé, ó bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná bó ṣe máa ń ṣe. Kọ́kọ́rọ́ láàbù wà nínú àpò rẹ̀. Ìyá Akọ̀wé wà níbi iṣẹ́ nílé búrẹ́dì, kì í sì í dé kí ọjọ́ tó rọ̀. Akọ̀wé sáré délé, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà. Ní aago mẹ́ta, nígbà tí àwọn olùkọ́ wọ ìpàdé, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta wọ láàbù, wọ́n sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Wọ́n bu omi ìgò náà sínú jọ́ọ̀gì kan. Lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ní àwọn máa ṣe é, ṣùgbọ́n Gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀ títí àmì fi parẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wo aago. Wọ́n tún un ṣe. Ọmọ aránṣọ ní òun náà fẹ́ di aago mú. Wọ́n tún un ṣe. Ní ìkẹyìn wọ́n rí nọ́ńbà márùn-ún: mẹ́rìnlélógún, ọgbọ̀n, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́fà. Kálukú kọ tirẹ̀ sórí bébà tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Bí ọmọ aránṣọ ṣe yíjú láti mú báàgì rẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ gbá jọ́ọ̀gì náà, èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ sì dà sílẹ̀.

Wọ́n nu ilẹ̀. Wọ́n fọ ife. Ìgbà tí wọ́n wá wo ìgò, omi ti fi ìka mẹ́rin lọ sílẹ̀ kúrò lójú tépù. Akọ̀wé dúró ti ìgò náà, kò mú báàgì rẹ̀.

"Kí ló tún kù?" ni Gbajúmọ̀ bi í.

"Bàbá mi ló fi sàmì. Bó bá ti rí i báyìí, á mọ̀ pé èèyàn wọlé. Á dà á nù, á pò òmíràn."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ìwọ kọ́ ni wọ́n máa bi?" Gbajúmọ̀ nàka sí ẹ̀rọ omi. "Èyí kò láwọ̀, ìyẹn náà kò láwọ̀. Kún un."

"Bí a bá bu omi là á, kò ní ki tó bó ṣe yẹ mọ́. Á pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́."

"Àwọn yòókù ló máa pẹ́ fún. Àwa ti ní nọ́ńbà tiwa."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Bí wọ́n bá fi ìgò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ ni kí bàbá bínú, kó sì pò òmíràn láàárọ̀. Akọ̀wé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú bàbá wà nítòsí, ìyà tó ń bọ̀ kò tíì hàn. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó bu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ìlà dọ́gba bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó rọra ń dà á títí ojú omi fi dé ìsàlẹ̀ tépù gẹ́lẹ́. Ẹ̀kán kan kò ta sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń wọ láàbù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí bàbá rẹ̀ tó dé, ó ti dá kọ́kọ́rọ́ padà sínú àpò kóòtù.

Ní ọjọ́bọ̀, Bàbá Ìwọ̀n wọ kóòtù tó lọ̀ tí ó gún, ó fi awò tuntun sójú, ó wo tépù ara ìgò, ó mi orí. Ìlà pé. Ó gbé ìgò jáde. Olùyẹ̀wò tí àjọ ìdánwò rán wá jẹ́ ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ní aago tirẹ̀ lọ́wọ́, tí kì í sì í sọ̀rọ̀. Olùkọ́ kẹ́mísírì pín bébà, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé ta ásíìdì, ó tẹ aago. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ogún. Méjìlélógún. Mẹ́rìnlélógún. Àmì náà ṣì wà nísàlẹ̀ ife, ó hàn kedere. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ní ọgbọ̀n ló tó parẹ́.

Ó gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ dúró ti ògiri, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Ó ń kà pẹ̀lú ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, bó ti ń kà láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Akọ̀wé rí i tí ètè náà dúró, tó wo ife náà, tó bọ́ awò tuntun, tó fi etí kóòtù nù ún, tó tún fi í sójú, tó sì tún wò ó.

Gbajúmọ̀ wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bébà kékeré náà wà nínú ọwọ́ aṣọ Akọ̀wé, ó ń rìn ín lára. Ohun tó rí ni ọgbọ̀n. Ó kọ mẹ́rìnlélógún.

Ẹ̀yìn ọmọ aránṣọ ni olùyẹ̀wò lọ dúró sí. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wo aago rẹ̀. Àmì ṣì ń hàn nísàlẹ̀ ife tó ti kọ nọ́ńbà tirẹ̀ parí. Ọkùnrin náà tẹ̀síwájú. Ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì. Ìgbà tí yóò fi yí ká tán, ó ti rí bébà mẹ́sàn-án tó ní nọ́ńbà márùn-ún kan náà, torí Gbajúmọ̀ ti pín in fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, àti ogún bébà mìíràn tó yàtọ̀ sí wọn pátápátá. Ó ní kí wọ́n gbé ìgò wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo wọn. Ó ní omi inú ìgò náà kò ki tó. Ó fi ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ohun tí ìwé àjọ wí.

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, Gbajúmọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn mẹ́sàn-án. Ó ní inú ìwé àtijọ́ ẹ̀gbọ́n kan tó ti jáde làwọn ti rí nọ́ńbà náà, àwọn kò mọ̀ pé kò bá tọdún yìí mu. Irọ́ náà wọlé dáadáa. Wọ́n fagi lé ìdánwò àwọn mẹ́sàn-án. Ogún yòókù tó kọ ohun tí ojú wọn rí ńkọ́? Wọ́n ní ti àwọn náà kò lè dúró, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí wọ́n fi ṣe é kò péye. Gbogbo kíláàsì pàdánù kẹ́mísírì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Wọ́n wá pe Bàbá Ìwọ̀n. Ọ̀gá ilé ìwé bi í bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fọwọ́ kan ìgò náà. Akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Bí bàbá rẹ̀ bá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ á yà sí ibòmíràn.

"Rárá, sà," ni Bàbá Ìwọ̀n dáhùn. "Mo fi tépù sàmì. Ìlà pé láàárọ̀ yìí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Bàbá Ìwọ̀n bọ́ awò ojú rẹ̀. "Awò àtijọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n, sà. Ó ní láti jẹ́ ojú mi."

Tépù tó fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, òun ló jẹ́rìí ta kò ó. Wọ́n ní kó lọ máa sinmi nílé títí àwọn yóò fi ránṣẹ́ sí i. Gbajúmọ̀ di Akọ̀wé lápá mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá la ẹnu, gbogbo wọn ló gbé. Akọ̀wé kò la ẹnu. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá di ọ̀la, òun á sọ ọ́.

Ọ̀la dé, ó kọjá. Ilé náà wá dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èrò ti tán níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta ń kọjá lára ara wọn, kò sẹ́ni tó ń kọlu ẹnìkejì. Bàbá Ìwọ̀n gbé òṣùwọ̀n kékeré tí ìyá fi ń wọn ìyẹ̀fun sórí tábìlì ilé ìdáná. Ó ń bu ṣúgà sórí rẹ̀, ó ń kọ nọ́ńbà, ó ń dà á padà, ó tún ń bù ú. Ọwọ́ rẹ̀ tí kì í gbọ̀n rí ti wá ń gbọ̀n, nítorí náà kò sí ìgbà tí nọ́ńbà náà dọ́gba. Ìyá ní kó jọ̀ọ́ kó fi ṣúgà sílẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ibi tí àṣìṣe náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, bóyá ojú ni, bóyá ọwọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ilé ìwé ránṣẹ́ pé kó kọ àlàyé tirẹ̀ wá. Ó pe Akọ̀wé jókòó sí tábìlì náà, ó gbé bébà síwájú rẹ̀.

"Ọwọ́ mi kò dúró, Akọ̀wé mi. Bá mi kọ ọ́. Èmi á máa sọ ọ́."

Akọ̀wé mú bírò. Bàbá rẹ̀ ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ka nọ́ńbà fún un láyé ijọ́un. Ó ní kó kọ ọ́ pé òun ni òun ṣe àṣìṣe, pé ojú òun kò ríran bíi tàtijọ́ mọ́. Ó ní kó kọ ọ́ pé òun bẹ̀bẹ̀, kí àwọn ọmọ tó kọ ohun tí wọ́n rí má jìyà ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ó ní kó kọ ọ́ pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ọwọ́ òun má tún ba ọjọ́ iwájú ọmọ ẹlòmíràn jẹ́. Lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni bírò ń dúró, lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni Akọ̀wé ń rò pé ó ti tó, pé ibí yìí ni òun á ti sọ ọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ṣé ohun tí mo sọ lo kọ?"

"Ohun tí ẹ sọ ni mo kọ, Bàbá mi."

Ó fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí náà wọ́ bíi ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni tépù náà dé ọwọ́ Akọ̀wé. Bàbá rẹ̀ kó ohun tó wà nínú àpò kóòtù funfun rẹ̀ jáde kí ìyá tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n lè dá a padà. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, pẹ́ńsù wà níbẹ̀, tépù funfun náà sì wà níbẹ̀, ó ku ìlàjì. Ó na tépù sí Akọ̀wé. Ó ní kó máa fi lẹ ìwé rẹ̀ tó bá ya, òun kò ní nǹkan tí òun á fi sàmì sí mọ́. Akọ̀wé gbà á, ó sì kúnlẹ̀. Ilẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀, látorí bisikíìtì títí dórí ẹ̀rọ omi.

Bàbá Ìwọ̀n kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Omi náà, ó tó mélòó?"

"Ó tó bíi lítà kan, Bàbá mi."

"Lítà kan nínú márùn-ún." Ó ka ìka rẹ̀. "Mẹ́rìnlélógún á di ọgbọ̀n."

"Ọgbọ̀n ni mo rí."

"Èmi náà rí ọgbọ̀n. Mo rò pé mi ò mọ bí a ṣe ń ka nǹkan mọ́ ni." Ó yíjú sí i. "Ọjọ́ tí mo ní kí o kọ lẹ́tà yẹn, o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sì kọ ọ́."

Ó gbé kóòtù náà lọ fún ìyá kó fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé. Akọ̀wé rò pé bí òun bá ti lè sọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo nǹkan á padà sípò. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán láì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ṣí fáìlì, ó yọ ẹ̀dà lẹ́tà kan jáde; ògidì rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àjọ ìdánwò, wọ́n ti gbà á, ẹni tó máa rọ́pò Bàbá Ìwọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ajé.

"Ọwọ́ ta ló kọ èyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ọwọ́ rẹ sọ pé bàbá rẹ ló ṣe é. Ẹnu rẹ sọ pé ìwọ ni. Èwo ni kí n ní kí wọ́n gbà gbọ́?" Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Ká ní ọjọ́ náà lo sọ ọ́, tí ìgò ṣì wà lórí tábìlì, tí ilẹ̀ ṣì tutù, ọ̀rọ̀ náà ì bá dé ibi tó ń lọ kíá."

Wọ́n pe Gbajúmọ̀ àti ọmọ aránṣọ. Àwọn méjèèjì ní àwọn kò mọ ohun tó ń wí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìtàn tó gba gbogbo ilé ìwé ni pé Bàbá Ìwọ̀n ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ohun tó máa sọ, kó lè rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà padà. Àwọn ogún tó kọ òótọ́ lọ́jọ́ ìdánwò kò bá Akọ̀wé sọ̀rọ̀ mọ́, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ọdún kan gbáko ni wọ́n máa fi dúró de ìdánwò mìíràn.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá báyìí. Ikọ́ mú Bàbá Ìwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tó lọ, wọ́n sì fún un ní oògùn olómi tó ní ìdérí kékeré tó nílà lára. Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó jókòó sí tábìlì ilé ìdáná, ó da oògùn sínú ìdérí náà, ó gbé e sókè síwájú awò tuntun rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dà á padà sínú ìgò, ó tún un dà. Ó ti mọ̀ láti oṣù mẹ́rin pé ọwọ́ òun kò ṣe àṣìṣe kankan, Akọ̀wé sì ti tún un sọ fún un títí ẹnu fi ń gbẹ ẹ́. Orí rẹ̀ gbà á gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà.

"Akọ̀wé, wá bá mi wò ó. Ṣé ó dé ojú ìlà?"

Akọ̀wé kúnlẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ìdérí dọ́gba. Ó wò ó dáadáa.

"Ó dé ojú ìlà gẹ́lẹ́, Bàbá mi."

Bàbá rẹ̀ wo oògùn náà. Ó wo Akọ̀wé, ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. Ó rọra gbé ìdérí náà kalẹ̀ láì mu ún, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì pe ìyá Akọ̀wé pé kó jọ̀ọ́, kó wá bá òun wò ó.

Ibẹ̀ ni Akọ̀wé kúnlẹ̀ sí títí ìyá rẹ̀ fi dé. Ohun tó yé e lórí eékún rẹ̀ ni mo ní kí ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, torí òun kò rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí òótọ́ náà ṣì lágbára tó lè gba ẹnìkan là. Gbogbo ọjọ́ tí a bá fi dákẹ́, omi là ń bù là á, títí a ó fi wá sọ òótọ́ tán pátá tí kò ní lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́.